Omi kànrìnkànrìn òkun kò wo jẹjẹrẹ sàn

Ọ̀rọ̀ kan ń lọ lórí WhatsApp láàárín àwa ọmọ Okun ní ìpínlẹ̀ Kogi, láti Kàbà dé Ìsánlú: ẹ rẹ kànrìnkànrìn òkun sómi mọ́jú, ẹ mu omi rẹ̀ láàárọ̀, kòkòrò inú rẹ̀ á pa jẹjẹrẹ. Kì í ṣe òótọ́ o.

Àánú aláìsàn ló mú ọ̀pọ̀ èèyàn pín in, ọ̀rọ̀ náà sì ní ibi tó ti ṣẹ́ wá. Ẹranko ni kànrìnkànrìn òkun, kì í ṣe ewéko. Ó ń lẹ̀ mọ́ àpáta, ó ń sẹ́ omi gba inú ara rẹ̀ kó lè jẹun. Nínú àwọn kan, bakitéríà, ìyẹn kòkòrò tíntìntín tójú kò lè rí, tó ń bá a gbé lè tó ìdá kan nínú mẹ́ta ìwúwo rẹ̀. Wọn kì í ṣe ìdọ̀tí: àwọn kan ń fi oòrùn ṣe oúnjẹ fún un, àwọn mìíràn ń ṣe oró tó ń dáàbò bò ó.

Lóòótọ́, èròjà kànrìnkànrìn kan ni wọ́n wò ṣe cytarabine, oògùn jẹjẹrẹ ẹ̀jẹ̀ tí Amẹ́ríkà fọwọ́ sí ní 1969. Ṣùgbọ́n ilé iṣẹ́ ló ń ṣe é, abẹ́rẹ́ ni, dókítà ló sì ń díwọ̀n rẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tà fún ìwẹ̀, wọ́n ti fọ ẹran ara rẹ̀ dànù. Fọ́nrán lásán ló kù. Òmíràn tiẹ̀ jẹ́ fóòmù!

Bí ẹnikẹ́ni bá ń ta oògùn jẹjẹrẹ fún yín, ẹ bi apòògùn ọsibítù, ẹ wo nọ́ńbà NAFDAC ara rẹ̀. Ẹni tó ń gba ìtọ́jú, kó má dá a dúró. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí ránṣẹ́ sí gúrúùpù tẹ́ ẹ ti rí ti àkọ́kọ́.