Ṣé GPA nìkan tó láti fi wọ yunifásítì ìlú ọba?

Ìyá Tósìn, Houston: Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará ilé. Tósìn mi ti wọ kíláàsì kọkànlá. GPA rẹ̀, ìyẹn ìpíndọ́gba máàkì rẹ̀ nílé-ìwé girama, jẹ́ 3.9 nínú 4.0, òun sì ni olórí ẹgbẹ́ àwọn ajiyàn nílé-ìwé wọn. Ó ní òfin lòun fẹ́ kà, ìlú ọba sì lòun ń lọ. London la bí i sí, pasipọ́ọ̀tù wọn wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ọmọ ọdún mẹ́rin ni nígbà tí a kó wá síbí. Bàbá rẹ̀ ní dípúlómà ilé-ìwé girama rẹ̀ ti tó, pé iye tí ọmọ onílé ń san ni yóò sì san. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Bọ̀dá Peckham: Ẹ kú ìnáwó ọmọ, mà. Dípúlómà nìkan kò tó fún àwọn yunifásítì tó lórúkọ. Ìdánwò tí ẹni tí kò mọ ọmọ rí mákì ni wọ́n fẹ́ rí. AP, ìyẹn ìdánwò kọ́ọ̀sì tó le bíi ti yunifásítì tí wọ́n ń ṣe nílé-ìwé girama Amẹ́ríkà, ni kó gbájú mọ́. Máàkì rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 1, ó parí sí 5. Oxford ń fẹ́ AP mẹ́rin tó jẹ́ 5 pátá, tàbí mẹ́ta pẹ̀lú SAT tàbí ACT (ìdánwò ìwọlé yunifásítì Amẹ́ríkà) tó ga. Márùn-ún ni Cambridge sábà máa ń béèrè.

Àǹtí Tíṣà, Maryland: Bọ̀dá, ẹ má dẹ́rù ba ìyá ọlọ́mọ. Ṣé Oxford àti Cambridge nìkan ló wà níbẹ̀ ni? Ọ̀pọ̀ ń gba 4, àwọn mìíràn sì ń wo SAT mọ́ dípúlómà. Ohun tó ń bí mi nínú ni pé iṣẹ́ ọdún mẹ́rin ni GPA, AP sì jẹ́ bíi wákàtí mẹ́ta lọ́jọ́ kan nínú oṣù karùn-ún. Èwo ló fi ọmọ hàn jù? Ilé-ìwé mélòó ládùúgbò àwọn tálákà ló tiẹ̀ ń kọ́ wọn ní AP márùn-ún?

Bọ̀dá Peckham: Tíṣà ni yín, ẹ mọ̀ pé A ti ilé-ìwé kan kì í ṣe A ti èkejì. Àwọn kan ń bu máàkì kún ti kíláàsì tó le, GPA á wá fò kọjá 4.0. Ẹni tó jókòó sí yunifásítì Bristol, báwo ló ṣe fẹ́ mọ ìyàtọ̀? A-level làwọn ọmọ ibí náà fi ń wọlé, àjèjì ló sì ń mákì rẹ̀. Wọn ò dìídì fìyà jẹ ọmọ Amẹ́ríkà.

Àǹtí Tíṣà, Maryland: Mi ò ní wọ́n fìyà jẹ ẹnikẹ́ni. Ọmọ tí ilé-ìwé rẹ̀ ò ní AP ni mo ń sọ. Ó lè dá kà á kó sì lọ jókòó ìdánwò nílé-ìwé mìíràn tó bá gbà á, ṣùgbọ́n òbí mélòó ló mọ̀?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester: Ẹ jẹ́ ká sọ̀rọ̀ owó. Mà, pasipọ́ọ̀tù nìkan kọ́ ni wọ́n ń wò. Ọmọ gbọ́dọ̀ ti gbé ìlú ọba fún ọdún mẹ́ta gbáko kí kọ́ọ̀sì tó bẹ̀rẹ̀. Lọ́dún 2025, £9,535 ni owó onílé lọ́dún ní England. Ti àlejò kò ní gbèdéke; ọ̀pọ̀ yunifásítì ń gbà ju ìlọ́po méjì ẹ̀ lọ.

Ìyá Tósìn, Houston: Ẹ gbà mí o! Àbúrò mi wà ní Luton. Tó bá lọ ń gbé lọ́dọ̀ rẹ̀ ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester: Tó bá jẹ́ pé ìwé ló torí ẹ̀ lọ, wọn ò ní kà á mọ́ ọn, mà.

Àǹtí Tíṣà, Maryland: Owó ẹ̀yáwó ìjọba Amẹ́ríkà ṣeé lò ní yunifásítì ìlú ọba tó bá wà lórí àkọsílẹ̀ wọn. Pell Grant, owó ọ̀fẹ́ tí ìjọba fi ń ran ọmọ tí kò rí jájẹ lọ́wọ́, ni kò bá yín dé ibẹ̀.

Lọ́yà Ìkẹjà: Ẹ̀ ń jà lórí máàkì, ẹ ò ṣírò ọdún. Ní Amẹ́ríkà, ọdún mẹ́rin yunifásítì, lẹ́yìn náà ọdún mẹ́ta òfin: méje. Ní England, láti ilé-ìwé girama ló ti máa wọ kíláàsì òfin, ọdún mẹ́ta ó parí. Ẹ fi owó àlejò ọdún mẹ́ta wé ti ọdún méje kí ẹ tó pariwo. Àmọ́ níbo ló ti fẹ́ ṣe lọ́yà? New York lè jẹ́ kó jókòó ìdánwò lọ́yà wọn lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ ìwé rẹ̀ wò. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tiẹ̀. Ẹ bi Texas léèrè kí ẹ tó san kọ́bọ̀.

Àǹtí Tíṣà, Maryland: Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tó bá yí ọkàn padà lọ́dún kejì ńkọ́? Níbí, ó lè bọ́ sí kọ́ọ̀sì mìíràn. Lọ́hùn-ún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé ó máa bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀ ni. Tèmi ò ní lọ.

Lọ́yà Ìkẹjà: Tiyín lẹ sọ yẹn, mà. Ọmọ tó mọ ohun tó ń ṣe wà.

Bọ̀dá Peckham: Ìyá Tósìn, ẹ̀yin lẹ lọ̀rọ̀. Fọ́ọ̀mù UCAS (àjọ tó ń gba fọ́ọ̀mù ìwọlé yunifásítì ìlú ọba) kan náà ló máa fi mú yunifásítì márùn-ún. Kò lè mú Oxford àti Cambridge pọ̀ lọ́dún kan náà. October 15 ni wọ́n ń ti fọ́ọ̀mù tàwọn méjèèjì, ti àwọn yòókù di January. Oxford àti UCL (yunifásítì kan ní London) tún ń béèrè LNAT, ìdánwò àtiwọlé fún òfin. Olórí àwọn ajiyàn dára, ṣùgbọ́n kò ní gbé e jìnnà. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fi ìyá àgbà rẹ̀ tó ń to àlùbọ́sà l'Ọ́jà Ọba bẹ̀rẹ̀ ohun tó kọ nípa ara rẹ̀ sínú fọ́ọ̀mù náà, bí wọ́n ṣe kọ́ wọn ní Dallas. Ó dùn ún kà! A gé gbogbo ẹ̀ kúrò, ó wá fi ẹjọ́ kan tó kà rọ́pò rẹ̀, ibi tí òun ò ti gbà pẹ̀lú adájọ́. Lẹ́tà 4,000 péré ni wọ́n gbà, àlàfo àárín ọ̀rọ̀ wà nínú ẹ̀.

Ìyá Tósìn, Houston: Ẹ ṣé gan-an. AP méjì ló ń ṣe lọ́dún yìí, ìtàn Amẹ́ríkà àti Gẹ̀ẹ́sì. Ó máa fi mẹ́ta kún un lọ́dún tó ń bọ̀.

Bọ̀dá Peckham: Ó dáa. Tíṣà rẹ̀ á kọ máàkì tó rò pé ó máa gbà nínú mẹ́ta yẹn, yunifásítì lè wá fún un láyè pé ‘tó o bá gba báyìí’. Oṣù keje ni èsì AP máa jáde.

Bàbá Tósìn: Mo ti ka gbogbo ẹ̀. Scotland ńkọ́?

Ọmọ Ìjẹ̀bú, Manchester: Ọdún mẹ́rin ni tiwọn, sà. Òfin Scotland sì yàtọ̀ sí ti England.