Kóòdù rẹ̀ wà ní gbangba, ìdáhùn kò sí níbẹ̀

Ẹ dárúkọ nbgrader tàbí CodeRunner, àwọn ètò orí kọ̀ǹpútà tó ń bá olùkọ́ máàkì kóòdù ọmọ, fún àwọn tó ń kọ́ ọmọ ní Python (èdè tí a fi ń kọ kóòdù) ní Ẹpẹ, ohun tí ẹ ó kọ́kọ́ gbọ́ nìyí: “Open source, tí gbogbo ayé lè ka kóòdù ẹ̀, kẹ̀? Àwọn ọmọ á kàn wọ inú ẹ̀ lọ wo ìdáhùn ni.” Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Gbogbo ẹni tó ń ra gàrí ló mọ bí kóńgò ṣe rí, síbẹ̀ kò mọ iye tó wà nínú àpò tí wọ́n ti rán lẹ́nu.

Ẹ̀rọ tó ń máàkì ló wà ní gbangba. Ìdáhùn wà lọ́wọ́ olùkọ́. Ká ní iṣẹ́ yín ni kí ọmọ kọ function (ègé kóòdù tó ń ṣe iṣẹ́ kan) tó ń ṣírò ìpíndọ́gba ìwọ̀n apẹ̀rẹ̀ ẹja tó wọ Ọjà Olúwo. Nínú fódà source ti nbgrader, ẹ ó kọ ìdáhùn sáàárín ### BEGIN SOLUTION àti ### END SOLUTION, ẹ ó kó àyẹ̀wò ìkọ̀kọ̀, ìyẹn kóòdù tí ẹ fi ń dán iṣẹ́ ọmọ wò tí òun kò rí, sáàárín ### BEGIN HIDDEN TESTS àti ### END HIDDEN TESTS. Àṣẹ nbgrader generate_assignment á yọ méjèèjì, á sì kó ẹ̀dà tó ṣófo sí fódà release fún àwọn ọmọ. Ọjọ́ tí ẹ bá ń máàkì pẹ̀lú nbgrader autograde ni àyẹ̀wò ìkọ̀kọ̀ tó padà wọlé. Ọmọ tó bá tún àyẹ̀wò yín kọ kí ó lè gba máàkì ń dààmú ara rẹ̀ ni, torí autograde á fi ti yín rọ́pò rẹ̀.

Ó ń jò o, àmọ́ ibòmíì ló ti ń jò. Àwọn kan ń gbé fódà source sórí GitHub, ìkànnì tí wọ́n ń kó kóòdù sí, níbi tí ayé ti ń wò ó. Àwọn kan ń pín èsì tí àṣẹ generate_feedback ṣe fún ọmọ nígbà tí àwọn mìíràn kò tíì fi iṣẹ́ sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ àyẹ̀wò ìkọ̀kọ̀ ti wà nínú èsì yẹn.

Èyí tó burú jù ni pé kóòdù ọmọ ń ṣiṣẹ́ lórí kọ̀ǹpútà yín, pẹ̀lú gbogbo àṣẹ tí ẹ̀yin fúnra yín ní. Ìlà kan ṣoṣo tó, open("../../../source/ise1/ise1.ipynb").read(), ọmọ ti ka ìdáhùn. Ẹ máàkì nínú Docker, tó ń ya kóòdù sọ́tọ̀ bíi pé inú àpótí ló wà, pẹ̀lú --network none tó ń gé íńtánẹ́ẹ̀tì kúrò, kóòdù náà kò ní lè fi nǹkan ránṣẹ́ síta. Àmọ́ gbogbo fódà tí ẹ bá so mọ́ Docker náà ló lè kà, nítorí náà ẹ ṣì gbọ́dọ̀ fi ojú wá open àti os, tí wọ́n fi ń dé inú fáìlì, nínú iṣẹ́ wọn. CodeRunner sàn ní ti èyí: inú Moodle, ìkànnì ẹ̀kọ́ tó ń lò ó, ni ìdáhùn wà, kóòdù ọmọ àti ohun tí a fi ń dán an wò ló ń lọ sórí Jobe, sáfà tó ń mú kóòdù náà ṣiṣẹ́. Ẹ jẹ́ kí Jobe wà lórí ẹ̀rọ ọ̀tọ̀, kí ó sì jẹ́ Moodle nìkan ló lè bá a sọ̀rọ̀.

Àyẹ̀wò tí ọmọ ń rí náà lè tú àṣírí. Bí [12.5, 9.0, 14.5] bá jẹ́ àpẹẹrẹ kan ṣoṣo, ọmọ á kọ return 12.0, á sì gba máàkì pé. Ẹ fi iye mìíràn sí ìkọ̀kọ̀, ẹ fi list tó ṣófo kún un, torí ibẹ̀ ni ZeroDivisionError (àṣìṣe fífi òdo pín nọ́ńbà) ti ń yọjú. Fún nọ́ńbà tó ní dẹ́símà, math.isclose, tó ń wò ó bóyá nọ́ńbà méjì sún mọ́ra gan-an, ni kí ẹ lò dípò ==, tó ń béèrè pé kí wọ́n dọ́gba pátápátá: lójú Python, 0.1 + 0.2 kì í ṣe 0.3, ọmọ tó ṣírò rẹ̀ dáadáa sì lè gba òdo.