Èsì wa sí ìyá tó fún wa ní ìràwọ̀ kan lórí bàtà ìléèwé nọ́ńbà 32

Ẹ kú iṣẹ́ o, Mà. A dúpẹ́ pé ẹ ra ọjà lọ́wọ́ wa.

Ẹ kọ ọ́ síbí lọ́jọ́ 13 oṣù kẹwàá pé ọjà wa ti wọ́n jù, pé bàtà ìléèwé tí ẹ rà ní 18,000 náírà kò lò ju ọ̀sẹ̀ márùn-ún lọ tó fi là níwájú, pé òwú tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọ̀tún, pé ó bó ọmọbìnrin yín ní gìgísẹ̀, pé ẹ pè wá lórí fóònù a ò gbé e, pé ọmọ tó ń bá mi tajà ń kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ra bàtà fún ọmọ tí ẹ bí, àti pé irú rẹ̀ gan-an wà ní Ọjà Ọba ní 9,000. Ẹ wá fi “gbájú-ẹ̀” parí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo kà á, mi ò sì sùn dáadáa lóru ọjọ́ náà. Ọdún 11 rèé tí mo ti ń ta bàtà ọmọdé lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọjà Ìgbọ̀nà, kò sẹ́ni tó pè mí bẹ́ẹ̀ rí nílùú Òṣogbo yìí. Agbẹ́jọ́ ẹnì kan dá, àgbà òṣìkà ni. Ẹ̀yin òbí tó ń ka èyí, ẹ gbọ́ tèmi náà.

Sátidé, ọjọ́ 6 oṣù kẹsàn-án ni ẹ wá, ní nǹkan bí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́. Ẹ mú ọmọkùnrin yín dání. Ọmọbìnrin yín kò tẹ̀ lé yín, ẹ ní ó ṣì wà lọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Ìkìrun níbi tó ti lo ọlidé. Ohun tí ẹ mú wá dípò ẹsẹ̀ rẹ̀ ni ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tí wọ́n wé sínú bébà, tí ìyá àgbà fi wọn ẹsẹ̀ ọmọ, tó ṣẹ́ ibi tó gùn mọ́, tó sì fi rán dírẹ́bà sí yín. Mi ò fi ìyẹn ṣe yẹ̀yẹ́ o. Bí wọ́n ṣe ra bàtà àkọ́kọ́ tí mo wọ̀ láyé fún èmi náà nìyẹn. Ṣùgbọ́n ìgbálẹ̀ kì í sọ bí ẹsẹ̀ ṣe fẹ̀ tó. Kì í sọ bí òkè ẹsẹ̀ ṣe ga tó. Kì í sì í sọ èyí tó gùn jù nínú ọ̀tún àti òsì, bẹ́ẹ̀ ẹsẹ̀ méjèèjì ọ̀pọ̀ ọmọ kì í dọ́gba.

Ọmọ tí ẹ sọ pé ó gbéra ga yẹn, ọdún kẹrin rẹ̀ lọ́dọ̀ mi rèé. Òun ló tẹ́ ìgbálẹ̀ náà sórí rúlà níṣojú èmi àti ẹ̀yin. Sẹ̀ǹtímítà 18 àti ààbọ̀ ni. Ó kọ ọ́ sínú ìwé wa, ó sì wà níbẹ̀ di àárọ̀ yìí. Ó ní, “Mà, 30 ló máa bá a mu. Àmọ́ tí ẹ bá lè mú òun alára wá ní Mọ́ńdè, á dáa jù, a ó bá yín fi í pamọ́.” Ẹ ní rárá, 32 lẹ fẹ́, kó lè wọ̀ ọ́ dé kíláàsì tó ń bọ̀. Ó tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀ẹ̀kejì yẹn lẹ pè ní ìgbéraga. Tó bá jẹ́ pé ó dákẹ́ tó kàn gbowó lọ́wọ́ yín ńkọ́? Òun tó sọ̀rọ̀ gan-an lọmọ dáadáa lójú tèmi, mo sì ti sọ fún un pé kó má jáwọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ọ̀rọ̀ nọ́ńbà yìí, nítorí òbí tó ń ṣe irú ẹ̀ pọ̀. Láti nọ́ńbà kan sí èkejì, mìlímítà 6 sí 7 ló wà láàárín wọn. Àyè tó yẹ kó ṣẹ́kù níwájú ọmọ ìka tó gùn jù kò ju ìbú àtàǹpàkò ọwọ́ yín lọ, sẹ̀ǹtímítà kan tàbí kó lé díẹ̀. Àyè tí ọmọ máa fi dàgbà ti wà nínú ìyẹn. Nínú 32, àyè tó wà níwájú ẹsẹ̀ ọmọ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tó sẹ̀ǹtímítà 3. Bàtà tó bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ kì í ká níbi tí ẹsẹ̀ ti ń ká. Iwájú tó ṣófo ló ti máa ń wó, lójú kan náà, lójoojúmọ́, títí awọ ibẹ̀ á fi là. Gìgísẹ̀ á máa yọ sókè, á tún já sílẹ̀, á máa ha ọmọ lára. Ọmọ á wá máa fi ìka ẹsẹ̀ di bàtà mú kó má bàa bọ́, á sì máa wọ́ ẹsẹ̀ nílẹ̀. Ẹ padà ka ohun tí ẹ kọ: ó là níwájú, ó bó o ní gìgísẹ̀. Méjèèjì ni mo to kalẹ̀ yìí.

Ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ni ẹ fi ohùn ránṣẹ́ sí wa lórí WhatsApp pé ọmọ ti dé, bàtà wù ú gan-an, ó kàn ń yọ díẹ̀ lẹ́sẹ̀ ni, á dàgbà bá a. Mo ṣì ní in lórí fóònù mi. Ọmọ iṣẹ́ mi dá yín lóhùn lọ́jọ́ náà pé tí kò bá tíì fi tẹlẹ̀ níta, kí ẹ mú un wá ká pààrọ̀ rẹ̀. A ò gbúròó yín mọ́ títí di Sátidé, ọjọ́ 11 oṣù kẹwàá, tí ẹ gbé e dé nínú láílọ́ọ̀nù.

Èmi fúnra mi ni mo gbà á. Mo ti ọwọ́ bọ ọ̀tún, ọwọ́ mi ba nǹkan kan tó rọ̀. Mo fà á jáde. Fóòmù ni, fóòmù bẹ́ẹ̀dì tí wọ́n fi abẹ gé róbótó, ó ti dúdú, ó ti ki pọ̀, ojú ìka ọmọ márààrún sì hàn lára rẹ̀ bí ìgbà tí wọ́n tẹ ọwọ́ sínú ẹ̀bà. Mo fa ìkejì jáde nínú tòsì. Mo gbé méjèèjì sórí káńtà níwájú yín. Ẹ wò wọ́n, ẹ ò sọ nǹkan kan. N kò rí fóòmù yẹn nínú ohun tí ẹ kọ síbí.

N kò rí bàtà ọmọkùnrin yín níbẹ̀ náà. Ọjọ́ kan náà lẹ rà á, àpò kan náà la ti mú un jáde, 18,000 kan náà ni. Òun jókòó sórí bẹ́ńṣì wa, ó bọ́ sílípáàsì, ó dúró lórí bébà, a fi bírò yí ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì po. Ó wọ bàtà pẹ̀lú ìbọ̀sẹ̀, ó rìn dé ẹnu ọ̀nà, ó padà, ó ń ṣí ìlẹ̀mọ́ bàtà náà tó ń pa á dé kó lè máa gbọ́ bó ṣe ń dún ṣàà. Lọ́jọ́ 11 yẹn, láti ibi ẹ̀kọ́ àfikún ọjọ́ Sátidé ló ti bá yín wá, bàtà náà ló sì wọ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mo wò ó. Eruku ló wà lára rẹ̀, kò sí ohun mìíràn.

Ti Ọjà Ọba. Èmi náà bẹ̀rẹ̀ lórí àtẹ níbẹ̀, mi ò ní bú ọjà ẹnikẹ́ni. Òbí tó jẹ́ pé 9,000 ló wà lọ́wọ́ rẹ̀, tí iléèwé sì ń wọlé lọ́la, kò sẹ́ni tó lè bá a wí. Ṣùgbọ́n ẹ má sọ pé irú kan náà ni. Ti 9,000 yẹn, ọ̀rá ni wọ́n fi bo aṣọ, tó bá ha lára òkúta, aṣọ funfun á yọjú. Ibi tí ẹsẹ̀ ń tẹ̀ nínú rẹ̀, páálí ni, òjò kan péré, ó ti wú. Tiwa, awọ ni. Àwọn tó ń ṣe é ní ọjà Ariaria ní Àbá fi gọ́ọ̀mù lẹ sóòlù rẹ̀, wọ́n tún fi òwú rán an yí ká. Àwọn kan tún máa ń ní kí n kúkú máa kó òkìríkà. Òkìríkà ti gba ìrísí ẹsẹ̀ ẹni tó kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, egungun ẹsẹ̀ ọmọdé kò sì tíì le tán. Mi ò lè tà á fún ọmọ tó ń dàgbà.

Ẹ ní mo ń fi òbí ṣowó. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, 6,500 ni mò ń ta irú bàtà yìí. Lọ́jọ́ 29 oṣù karùn-ún ọdún náà, Ààrẹ Tinubu kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, lítà epo tí kò tó 200 náírà sì di bíi 500. Oṣù tó tẹ̀ lé e ni náírà tún já lulẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ dọ́là, bẹ́ẹ̀ òkè òkun ni púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n fi ń ṣe gọ́ọ̀mù àti sóòlù ti ń wá. Lónìí, 14,200 ni mò ń ra bàtà yìí ní Àbá. Owó mọ́tò àti ti alábàárù gba 800 lórí ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Owó ṣọ́ọ̀bù, iná, àti owó oṣù ọmọ iṣẹ́ gba bíi 1,500. Tí mo bá tà á ní 18,000, 1,500 ló kù fún mi. Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé ìwé, mo mọ bó ṣe ń dun èèyàn láti yọ 18,000 lápò lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyẹn tí a fi ń gba owó díẹ̀díẹ̀ láti oṣù keje, kí ọdún Ọ̀ṣun tó dé. Ìdí nìyẹn náà tí inú fi ń bí mi tí ẹnì kan bá fi 18,000 ra bàtà tó máa là láàárín ọ̀sẹ̀ márùn-ún, nígbà tí 30 ìbá bá a dé sáà kẹta.

Òwú tó tú lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà ọ̀tún, ẹ̀bi tiwa nìyẹn. Ó yẹ kí a ti rí i kó tó kúrò lọ́wọ́ wa. Ẹ má bínú. Fóònù tí ẹ pè tí a ò gbé, ọjọ́ Àìkú ni, a kì í ṣí.

Ní ọjọ́ 11 yẹn, mo ní kí ẹ san ìdajì owó, kí n fún ọmọ ní tuntun. Ẹ bínú kúrò. Mo ti yí i padà. Ẹ mú un wá lọ́jọ́ iṣẹ́ tó bá wù yín, lẹ́yìn aago méjì tó bá ti iléèwé dé, nítorí ẹsẹ̀ máa ń wú díẹ̀ tó bá di ọ̀sán. Ẹ jẹ́ kó wọ ìbọ̀sẹ̀ tó máa ń wọ̀ lọ síléèwé. Ọmọ iṣẹ́ mi yìí kan náà ló máa wọn ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí tó bá bá a mu, a ó fún un lọ́fẹ̀ẹ́, mi ò ní gba kọ́bọ̀. Màá san owó ọ̀kadà yín ní àlọ àti àbọ̀. Lọ́dún tó ń bọ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ bá tó 32 lóòótọ́, iye tí mo bá rà á ní Àbá ni màá tà á fún yín. Mi ò ní kí ẹ yọ ìràwọ̀ kan yín kúrò, ẹ fi í síbẹ̀.

Ṣùgbọ́n ọmọ fúnra rẹ̀ ni kí ẹ mú wá. Mi ò gba ìgbálẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí.