Ta Ló Ń Jó Táyà?

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi bi àwọn ọmọ Àjàṣẹ́ wọ̀nyí, Porto-Novo ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ níbí: láti ìgbà wo ni tábà ti di nǹkan tó gbọ́dọ̀ máa ta sánsán bíi mángòrò?

Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mo jókòó sí bùvẹ́ẹ̀tì kan, ilé ọtí, lọ́nà Wàńdó, ìta gbangba, lábẹ́ igi. Mo yọ ìkòkò tábà mi, mo ki í, mi ò tí ì fà á lẹ́ẹ̀mẹta tí ọmọkùnrin kan fi ọwọ́ bo imú. "Tọ́ńtọ̀n, ẹ jọ̀ọ́, ṣé táyà lẹ̀ ń jó ni?" Gbogbo tábìlì wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ yìí, okùn ṣíṣà olóòórùn mángòrò, tábà tí wọ́n ń fà gba inú omi, ló wà lọ́wọ́ rẹ̀ o! Kí n tó fèsì, oníbùvẹ́ẹ̀tì ti dé. Ó ní kí n má bínú, pé òfin ọdún 2017 kò fàyè gba tábà mímu láàárín èrò. Mo ní ó dáa, òfin ni. Ti ọmọ yẹn ńkọ́? Ó ní, "Háà, tọ́ńtọ̀n, ṣíṣà nìyẹn." Bíi pé ewé ẹ̀fọ́ ni wọ́n fi ń ṣe é.

Mo dìde. Ṣùgbọ́n ó dùn mí wọra.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ wàásù ẹ̀dọ̀fóró fún mi, mo ti gbọ́. Dókítà ti sọ ọ́, ìyàwó mi ń sọ ọ́ láràárọ̀. Òórùn ni mò ń bá wọn jà lé lórí.

Tábà ọjọ́ náà, àbúrò mi ló fi í ránṣẹ́ láti Páríìsì. Agolo pẹlẹbẹ, gíráàmù 50. Ewé tábà tí wọ́n ń pè ní Latakia ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, wọ́n wá po irú mìíràn tó ń jẹ́ Virginia díẹ̀ mọ́ ọn. Orúkọ ìlú etíkun kan ní Síríà ni Latakia, bó tilẹ̀ jẹ́ pé Kípírọ́sì ni púpọ̀ rẹ̀ ti ń wá báyìí. Ẹ̀yin tí ìyá yín máa ń so àgbàdo irúgbìn kọ́ sókè ààrò, ẹ̀yin lẹ máa mọ bí wọ́n ṣe ń ṣe é: wọ́n á so ewé náà kọ́ sínú ilé, wọ́n á dáná igi sábẹ́ rẹ̀, èéfín á sì máa rọra rin ín fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, títí á fi dúdú bí èédú. Tẹ́ ẹ bá ṣí agolo rẹ̀, ẹ ó rò pé ẹnì kan ń yan ẹja lẹ́yìn ilé. Lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ ṣí i, ológbò ilé wa wá dúró tì mí.

Kì í ṣe nǹkan ìkánjú. Tí n bá ṣá ìṣáná àkọ́kọ́, ewé á wú sókè bí adìyẹ tó ń sàba. Mo máa tẹ̀ ẹ́ padà, mo máa tún ṣá ìkejì. Lẹ́yìn náà, díẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá ń fà á bíi sìgá, ahọ́n rẹ̀ ló máa bó. A kì í gbé e mì, ẹnu ló ń gbé: ó ki, ó ní iyọ̀ díẹ̀, ó jọ awọ, ó jọ ilé ìdáná ìyá mi àgbà lálẹ́ ọjọ́ òjò. Tábà tó lágbára nìyẹn. Tábà ọkùnrin.

Ní Sátidé, mo wọ takisí, a gba Sákété, a gba Pobẹ̀, ó di Kétu. Ẹjọ́ mi ni mo gbé lọ bá ìyá mi àgbà. Wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún, wọ́n ń fa ìkòkò láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú mọ̀ wọ́n. Tábà ọjà tí wọ́n lọ́ bí okùn ni tiwọn, ọ̀bẹ ni wọ́n fi ń rẹ́ ẹ. Mo dọ̀bálẹ̀, mo ro ẹjọ́ ọmọ oníṣíṣà, mo fi tèmi ki ìkòkò wọn, mo ṣáná sí i. Wọ́n fà á. Wọ́n dijú. Mo ń retí ìyìn.

"Àjàní, ẹja yìí ti jóná."

Mo ní ẹ tún un fà, Ìyá. Wọ́n fà á títí ó fi jó tán, wọ́n gbọn eérú rẹ̀ sílẹ̀. "Ariwo ẹ̀ ló pọ̀. Kò sí nǹkan nínú ẹ̀. Kò dé orí mi."

Òótọ́ sì ni, ìyẹn ló bà mí nínú jẹ́. Òórùn Latakia ló le, nicotine inú rẹ̀, èròjà tó ń gun orí, kò tó nǹkan. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo fa tábà okùn màmá yẹn rí, ògiri ni mo dì mú.

Wọn ò tíì dákẹ́. Wọ́n ní ìyá tó bí ìyá àwọn máa ń sọ pé tábà Àgùdà dùn bí ìrèké. Mo fẹ́ jiyàn, mo wá rántí pé bẹ́ẹ̀ náà ni: èyí tí wọ́n ń kó wá sí etíkun wa láyé àtijọ́ láti Bahia ní Bràsíìlì, tí wọ́n fi ń ra ọmọ ènìyàn, oje ìrèké dúdú ni wọ́n fi ń pa á lára kí wọ́n tó ká a. Ṣíṣà ọmọ Wàńdó yẹn náà ńkọ́? Inú oje ìrèké náà ni wọ́n ń rẹ ewé rẹ̀ sí. Ta ló wá sún mọ́ ìdí ìkòkò ìyá mi jù, èmi ni àbí ọmọ yẹn?

Mo ń palẹ̀ agolo mi mọ́ nígbà tí wọ́n pè mí padà.

"Èyí tí ọmọ yẹn ń fà, tó ń ta sánsán bíi mángòrò… èló ni wọ́n ń tà á?"