Láàbù Bàbá Bọ̀dé

Àwọn tó wà nínú eré:
BÀBÁ BỌ̀DÉ, òṣìṣẹ́ ìjọba tó fẹ́ di ọ̀gá kọ̀ǹpútà kí oṣù tó parí
ÌYÁ BỌ̀DÉ, ìyàwó rẹ̀, ẹlẹ́lùbọ́ ní ọjà Bódìjà
BỌ̀DÉ, ọmọ wọn, akẹ́kọ̀ọ́ Póòlì
MÚFÚ ONÍNÁ, ẹni tó ń tún iná ṣe ládùúgbò, tó sì tún máa ń bà á jẹ́
BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ, onílé. Ìsàlẹ̀ ló ń gbé

ÌRAN KÌÍNÍ

(Ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Àkóbọ̀, Ìbàdàn, nínú oṣù Keje. Òjò ń rọ̀. Bàbá Bọ̀dé àti Múfú ń gbé páálí gbọọrọ kan gun àtẹ̀gùn bọ̀. Ìyá Bọ̀dé dúró lókè, ó káwọ́ lérí.)

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Yéè! Bàbá Bọ̀dé, ta ló kú?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Kò sẹ́ni tó kú o. Sáfà nìyí, kọ̀ǹpútà ńlá tí àwọn ilé-iṣẹ́ máa ń lò.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Nǹkan tó gùn báyìí, tó wúwo báyìí, tí ọkùnrin méjì ń làágùn nídìí ẹ̀, kí lẹ fẹ́ kí n rò?

MÚFÚ: Ìyá Bọ̀dé, ẹ dákun, ẹ yà lọ́nà. Láti Ìwó Róòdù ni mo ti gbé nǹkan yìí lé itan lórí ọ̀kadà. Mi ò mọ èyí tó jẹ́ ẹsẹ̀ mi mọ́.

BÀBÁ BỌ̀DÉ (ó ń mí hẹlẹhẹlẹ): Ojúlówó ni. Ìkẹjà ni mo ti rà á, ní Computer Village gan-an. Ẹni tó tà á fún mi sọ pé báńkì kan ní Ìlú Ọba ló lò ó kẹ́yìn.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Kí ló dé tí báńkì fi tà á?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Wọ́n ra tuntun ni. 2012 ni wọ́n ṣe èyí.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Èyí tó rẹ báńkì láti bọ́, àwa la wá gbà á tọ́.

BỌ̀DÉ (ó yọ láti inú yàrá): Ẹ kú iṣẹ́, sà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Láàbù ni.

BỌ̀DÉ: Láàbù kí ni, sà?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Láàbù ilé.

BỌ̀DÉ: Mo rí i pé inú ilé ni, sà. Iṣẹ́ wo ni yóò máa ṣe?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Ìwọ ọmọ yìí, o ò rí i bí mo ṣe ń mí ni? Jẹ́ kí n gbé e kalẹ̀ ná!

(Wọ́n gbé e wọ yàrá tí Ìyá Bọ̀dé ń kó àpò ẹ̀lùbọ́ sí. Kábínẹ́ẹ̀tì onírin kan ti wà níbẹ̀, tuntun gbáú, ó ń dán. Bàbá Bọ̀dé ti sáfà náà wọlé. Ó wọlé, ó wọlé, ó dúró. Ó tún tì í. Ó wo ẹ̀yìn.)

MÚFÚ: Ọ̀gá, ìdí ẹ̀ ṣì wà níta o.

BỌ̀DÉ (ó na téèpù): Dádì, kábínẹ́ẹ̀tì yìí jìn ní sẹ̀ǹtímítà 60. Sáfà yìí lé ní 70. Èyí tí wọ́n ń gbé ráútà àti ṣíwíìṣì, àwọn ẹ̀rọ tó ń so kọ̀ǹpútà pọ̀, sí lẹ rà. Ẹ ò wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó sanwó?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Àyè ìwọ̀n dà? Ọmọkùnrin yẹn ní bí mi ò bá rà á lójú ẹsẹ̀, ẹnìkan ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta tó fẹ́ kó gbogbo ẹ̀.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Háà! Ará Abẹ́òkúta yẹn! Mo mọ̀ ọ́n dáadáa. Òun náà ló máa ń bọ̀ wá kó ẹ̀lùbọ́ mi, nígbàkigbà tí oníbàárà bá ń fi ọ̀rọ̀ falẹ̀ lórí owó.

MÚFÚ: Ẹ jẹ́ ká yọ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn dànù. Ìdí ẹ̀ á máa gba atẹ́gùn.

(Wọ́n yọ ọ́. Múfú wá sọ́kẹ́ẹ̀tì. Kò rí. Ó yọ fírísà.)

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Múfú! Ẹja tí mo rà lánàá wà nínú ẹ̀ o!

MÚFÚ: Fún ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, Mà.

(Àwọn ẹja yẹn ò rí iná mọ́ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì. Bàbá Bọ̀dé tẹ bọ́tìnnì. Ariwo sọ nínú yàrá, gíláàsì ojú fèrèsé ń gbọ̀n. Kò pẹ́, a gbọ́ ẹsẹ̀ eré lórí àtẹ̀gùn.)

BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ (pẹ̀lú ṣòkòtò kan àti ìbínú méjì): Bàbá Bọ̀dé! Mo ti sọ ọ́, mo ti lẹ̀ ẹ́ mọ́ géètì, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ tan jẹnẹrétọ̀ nínú yàrá! Ṣé ẹ fẹ́ kí èéfín pa gbogbo wa ni?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Bàbá, kì í ṣe jẹnẹrétọ̀.

BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ (ó fa imú yíká yàrá): Èéfín ẹ̀ dà?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Kò lééfín, Bàbá.

BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ (ohùn rẹ̀ rọ̀): Ẹ̀n-ẹ́ǹ. Kò lééfín. Epo ńkọ́?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Kì í mu epo.

BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ bá mi ra ọ̀kan.

BỌ̀DÉ: Bàbá, fáànù inú ẹ̀ ló ń pariwo. Inú ilé tí ẹ̀dá kankan kì í sùn ni wọ́n ṣe é fún. Bí wọ́n bá ṣẹ̀ṣẹ̀ tàn án, á pariwo, lẹ́yìn náà á rọlẹ̀.

(Gbogbo wọn dúró kó rọlẹ̀. Kò rọlẹ̀.)

BỌ̀DÉ: Dádì, ṣé ẹ fi nǹkan kan kún inú ẹ̀ ni?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Káàdì kékeré kan péré. Ọmọkùnrin yẹn fi ṣe èènì.

BỌ̀DÉ: Sáfà ò mọ káàdì ọ̀hún rí, sà. Irú èyí, bó bá bá àjèjì káàdì nínú ara ẹ̀, kì í mọ bí ooru ẹ̀ ṣe tó, á kàn tú gbogbo fáànù sílẹ̀.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Èènì ló ń pariwo tó báyìí?

ÌRAN KEJÌ

(Ọjọ́ kẹta. Bàbá Bọ̀dé jókòó sílẹ̀, ojú rẹ̀ pọ́n. Ó fi nǹkan kan sáàárín orúnkún, ó ń fi fáìlì irin ha á. Eruku aláwọ̀ ewé wà lórí ṣòkòtò rẹ̀.)

BỌ̀DÉ: Dádì, kí lẹ ń ha?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Mẹ́mọ̀rì ni. Kò fẹ́ wọ ihò. Ó ti ku díẹ̀.

BỌ̀DÉ: Áà! DDR4 nìyẹn, sà! DDR3 ni sáfà yìí ń lò. Wọ́n dìídì gé ojú ẹ̀ síbòmíì kó má baà wọ̀ ni.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Mo rí i. Ìdí tí mo fi ń ha á nìyẹn.

BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ (láti ìsàlẹ̀): Bọ̀dé! Wàsáàpù mi ò lọ láti àárọ̀ o! Wi-Fi tí ẹ ń fún mi lọ́fẹ̀ẹ́ ò dáa mọ́!

BỌ̀DÉ (ó wo ìdí wáyà): Dádì, ráútà kejì yìí ńkọ́?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Mo fi kún un kó lè yára.

BỌ̀DÉ: Àwọn méjèèjì ń jẹ́ 192.168.1.1, àwọn méjèèjì sì ń pín àdírẹ́ẹ̀sì fún gbogbo fóònù tó wà nínú ilé. Ẹni tí tuntun bá fún ní àdírẹ́ẹ̀sì, kò ní rí ọ̀nà jáde, torí tuntun ò ní íntánẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn. (Ó fa wáyà yọ.)

BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ (láti ìsàlẹ̀): Ó ti wọlé! Ọlọ́run á bá mi dá ẹ sí!

(Ìyá Bọ̀dé wọlé pẹ̀lú káàdì mítà àti bírò. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ níyàwó mọ irú ìwọlé bẹ́ẹ̀. Ẹ fọkàn balẹ̀.)

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Bọ̀dé, nǹkan yìí ń jẹ wátì mélòó?

BỌ̀DÉ: Bí 250, Mà.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Bọ̀dé, lọ ra omi wá.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Jókòó. Wákàtí mẹ́rin, ẹyọ kan. Ọ̀sán àti òru, ẹyọ mẹ́fà. Oṣù kan, 180. Band A la wà níhìn-ín. Nínú oṣù Kẹrin 2024 ni wọ́n gbé ẹyọ kan dé náírà 225. Ó wálẹ̀ díẹ̀ lẹ́yìn ìgbà yẹn, ṣùgbọ́n kò kúrò lókè 200. Ẹ jẹ́ kí n ṣojú àánú, kí n fi 200 ṣe é. Náírà 36,000.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Lọ́dún?

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Lóṣù! Owó oṣù tó kéré jù tí ìjọba fọwọ́ sí ní 2024, 70,000 ni. Sáfà yín ń gba ju ààbọ̀ ẹ̀ lọ, kò sì tíì jí lọ síbi iṣẹ́ lọ́jọ́ kan rí!

(Iná lọ. Ínfátà ké pìì. Ariwo sáfà ò yẹ̀.)

BÀBÁ BỌ̀DÉ (inú rẹ̀ dùn): Ṣẹ́ ẹ rí i? Kò mọ̀ pé wọ́n mú iná!

BỌ̀DÉ: Bátìrì kan ṣoṣo la ní, sà, 200Ah, olómi. Kò dáa ká lò ó kọjá ìlàjì. Wákàtí mẹ́rin ni, kò lè ju bẹ́ẹ̀ lọ.

MÚFÚ (ó sá wọlé): Ọ̀gá, mo ti tún un ṣe lánàá, mo yọ agogo tó máa ń pariwo bí bátìrì bá lọọlẹ̀. Ẹ lè lò ó dé òdo báyìí.

(Wọ́n lò ó dé òdo. Nígbà tí iná dé, sáfà tàn, ṣùgbọ́n iná pupa kan ń ṣẹ́jú níwájú rẹ̀. Bọ̀dé tẹ bọ́tìnnì títí.)

BỌ̀DÉ: Díìsìkì kan ti kú. Dádì, báwo lẹ ṣe tò wọ́n?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: RAID 0. Òun ló yára jù, òun ló sì láyè jù.

BỌ̀DÉ: Sà, RAID 0 máa ń ṣẹ́ fáìlì sí wẹ́wẹ́ ni, á kó díẹ̀ sórí tọ̀tún, á kó díẹ̀ sórí tòsì. Bí ọ̀kan bá kú, èyí tó kù ò wúlò.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Mo rò pé òdo yẹn, ewu ni wọ́n fi ń kà.

ÌYÁ BỌ̀DÉ (wọ́ọ́rọ́wọ́): Bàbá Bọ̀dé. Fọ́tò ọjọ́ìbí àádọ́rin ọdún ìyá mi tí ẹ gbà lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ Àìkú ńkọ́?

(Bàbá Bọ̀dé ń wo àjà.)

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Ó ṣì wà lórí fóònù yín, àbí?

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Mo pa á rẹ́ níbẹ̀. Kí àyè lè wà.

MÚFÚ: Ẹ jẹ́ kí n máa lọ, Ọ̀gá. Ẹnìkan ń dúró dè mí.

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Múfú, padà síbí. Ẹ dẹ̀ dìde ńlẹ̀, Bàbá Bọ̀dé, ẹ yé dọ̀bálẹ̀. Mo ti fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ sáwọn àbúrò mi kí n tó gbé e fún yín. Mo fi sórí fláàṣì kan pẹ̀lú. Fláàṣì náà wà lọ́wọ́ ìyá mi ní Ọ̀yọ́, nínú àpótí aṣọ òkè ẹ̀.

BỌ̀DÉ: Mọ́mì! Ẹ̀dà tó ju mẹ́ta lọ, kì í ṣe orí nǹkan kan náà, ọ̀kan sì wà níta ilé! Bí wọ́n ṣe kọ́ wa gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ta ló kọ́ yín?

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Bàbá rẹ ni mo fẹ́.

ÌRAN KẸTA

(Alẹ́. Òjò ṣì ń rọ̀. Bàbá Bọ̀dé jókòó sórí àpò ẹ̀lùbọ́ òfìfo. Bọ̀dé gbé láptọ́ọ̀pù sí i lórí ẹsẹ̀.)

BỌ̀DÉ: Dádì, ẹ gbọ́ ná. Kí lẹ fẹ́ kọ́ gan-an?

BÀBÁ BỌ̀DÉ (lẹ́yìn ìdákẹ́jẹ́ gígùn): Mo fẹ́ mọ bí kọ̀ǹpútà ṣe ń bára wọn sọ̀rọ̀. Àti Linux díẹ̀, ètò tí ọ̀pọ̀ sáfà fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀rẹ́ mi kan ti fi ibẹ̀ dé Kánádà.

BỌ̀DÉ: Ìyẹn nìkan? Packet Tracer nìyí, ètò tó ń ṣàfarawé ráútà lórí kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ lè to ráútà mẹ́wàá sínú ẹ̀, ìkankan ò ní ké. VirtualBox náà nìyí, ètò tó ń dá kọ̀ǹpútà mìíràn sínú kọ̀ǹpútà, ọ̀fẹ́ ni. Ẹ̀rọ Linux méjì ti ń ṣiṣẹ́ nínú láptọ́ọ̀pù yìí bí mo ṣe ń bá yín sọ̀rọ̀. Bó bá wá kéré fún yín lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, ẹ ra àwọn kọ̀ǹpútà kéékèèké tí ọ́fíìsì lò kù, tí wátì wọn ò ju 15 lọ bí wọn ò bá ṣiṣẹ́ púpọ̀.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Gbogbo owó kóperétíìfù mi!

BỌ̀DÉ: Ẹ pẹ̀lẹ́, sà.

BÀBÁ BỌ̀DÉ (ó dìde bí akin): Ó ti tó. Mò ń lọ pa á.

ÌYÁ BỌ̀DÉ (ó sáré láti kíṣìnnì): Ẹ fọwọ́ kan bọ́tìnnì yẹn, ẹ rí mi! Ta ló ní kẹ́ ẹ pa á?

(Ó fà wọ́n lọ sẹ́yìn kábínẹ́ẹ̀tì. Níbi tí ìdí sáfà ti yọ síta, ó ti to asẹ́ sórí ara wọn, gbodo kún inú wọn. Afẹ́fẹ́ gbígbóná ń fẹ́ sí wọn. Ó mú gbodo kan, ó ṣẹ́ ẹ. Ó dún kẹ́kẹ́.)

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Gbodo gbogbo ọjà ń hu funfun nínú òjò yìí. Tèmi ti gbẹ kanrankanran láàárín ọjọ́ méjì.

BỌ̀DÉ: Iwájú ló ti ń fa afẹ́fẹ́ tútù, á gba orí gbogbo ohun tó gbóná kọjá, á tú u síta lẹ́yìn. Mọ́mì, ẹ má ṣáà jẹ́ kí ìyẹ̀fun dé iwájú ẹ̀ o.

BÀBÁ BỌ̀DÉ: Owó iná ńkọ́?

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Mo ti bù ú lé kóńgò. Bọ̀dé, ṣé o lè fún un níṣẹ́ tí ò nítumọ̀ ṣe, kó gbóná sí i?

(A kan ilẹ̀kùn. Bàbá Láńlọ́ọ̀dù yọrí wọlé, agbádá tútù kan wà ní apá rẹ̀.)

BÀBÁ LÁŃLỌ́Ọ̀DÙ: Ẹ jọ̀ọ́, mo ní ìnáwó lọ́la. Ìyàwó mi ní ẹ̀rọ yín tí kò lééfín yẹn ń mú nǹkan gbẹ.

BÀBÁ BỌ̀DÉ (ojú rẹ̀ là): Oníbàárà! Ẹ káàbọ̀ sí láàbù mi, Bàbá!

ÌYÁ BỌ̀DÉ: Láàbù ta? Ẹgbẹ̀rún kan ni, Bàbá. Fìlà wà nínú ẹ̀.