Ta ló sọ fún yín pé irregular verb kò lófin?

Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, mo yà ní ṣọ́ọ̀bù ìwé kan ní Sábó, Ogbómọ̀ṣọ́ níbí, láti ra ṣọ́ọ̀kì. Mo bá bọ̀dá kan níbẹ̀ pẹ̀lú ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Ó ń ra ìwé pẹlẹbẹ kan tí wọ́n to irregular verb sí láti A dé Z, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì tí kì í gba -ed bí a bá ń sọ ti àná, mẹ́ta mẹ́ta: go, went, gone. Ọmọ náà ṣí i wò, ojú ẹ̀ fà ro. Bàbá ẹ̀ ní, “Àwọn eléyìí ò lófin o. Bó ṣe wu Òyìnbó ló ṣe ń pè é. Ṣáà há gbogbo ẹ̀ sórí.” Ẹni tó ń tàwé ń mi orí bí alángbá.

Mi ò sọ nǹkan kan. Ta ló bi mí? Ṣùgbọ́n ọdún kẹtàdínlógún rèé tí mo ti ń kọ́ àwọn ọmọ ní lẹ́sìnnì Gẹ̀ẹ́sì nílùú yìí, kò sì sí ọ̀sẹ̀ tí mi ò ní gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, lẹ́nu òbí, lẹ́nu akẹ́kọ̀ọ́, àní lẹ́nu tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi. Ó ti sú mi. Irọ́ ni.

Bí ẹ bá to orúkọ gbogbo ará Ogbómọ̀ṣọ́ ní A dé Z, ta ni yóò mọ ẹni tó bá ara wọn tan? Ẹ tò wọ́n ní agboolé agboolé, kíá lẹ óò rí i pé imú wọn jọra. Ohun tó ṣe àwọn ọ̀rọ̀ yìí gan-an nìyẹn. Ẹ gbé sing, sang, sung. Ẹ gbé ring, rang, rung tì í. Ẹ fi drink, drank, drunk kún un, kí ẹ sì pe sink, shrink, swim àti begin wá. Ẹ kà wọ́n sókè, kí ẹ fetí sí ẹnu ara yín: i, a, u; i, a, u. Gbogbo wọn ló ní ìró n tàbí m tó ń gba imú jáde lẹ́yìn fáwẹ̀lì yẹn. Agboolé kan nìyẹn. Keep, kept, sleep, slept, weep, wept, sweep, swept: òmíràn rèé. Send, sent, bend, bent, lend, lent. Èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín jù ni àwọn tí kì í yí padà rárá: cut, put, hit, shut, set, let, cost, hurt, burst, spread. Ẹ wo ìdí wọn. T tàbí d ni gbogbo wọn fi parí, kò yọ ẹyọ kan sílẹ̀. Ahọ́n ti dé ibi tí -ed fẹ́ gbé e lọ, kí ló tún kù tó ń wá? Ṣé ohun tí kò lófin ló máa ń ṣe báyẹn?

Àmọ́ ẹ̀rí tí mo gbójú lé jù kò sí nínú ìwé gírámà. Inú Bíbélì ló wà, Bíbélì ò sì wọ́n wa nílùú yìí. Ẹ mú Bíbélì Gẹ̀ẹ́sì King James ti ọdún 1611, ẹ ṣí Jẹ́nẹ́sísì orí 26, níbi tí Ísákì ti ń gbẹ́ kànga. Digged lẹ óò rí níbẹ̀. Digged! Bí ọmọ kan bá kọ ọ́ sínú ìdánwò lónìí, bírò pupa ni. Ìyẹn ni pé -ed ni dig ń gbà láyé ọjọ́un, jẹ́jẹ́ ẹ̀ ló ń lọ. Ìgbà tó yá ló palẹ̀ ẹrù mọ́, ó kó lọ sí agboolé stick, stuck, sting, stung, spin, spun, swing, swung. Ó di dug. Ẹ jọ̀ọ́, bí agboolé yẹn ò bá sí, ibo ni dig kó lọ? Kí ló dé tí kò di dag tàbí dought? Etí àwọn tó ń sọ èdè náà ti gbọ́ spun àti stung pẹ́, etí yẹn ló gbé dig lọ síbẹ̀, láìsí tíṣà, láìsí pàṣán. Ti catch tilẹ̀ tún ju ìyẹn lọ. Ọwọ́ àwọn Faransé ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ti yá a, àlejò pọ́ńbélé ni, síbẹ̀ ó gba caught, ó lọ jókòó ti teach, taught.

Àwọn kan sì ń jáde. Nínú Bíbélì kan náà, Lúùkù orí kìíní ẹsẹ 54, holpen ló wà níbi tí à bá ti kọ helped lónìí. Ní 2007, Erez Lieberman, Jean-Baptiste Michel àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ ní Harvard ka irú ọ̀rọ̀ báyìí, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ sínú ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì tí wọ́n ń pè ní Nature. Nínú 177 tí wọ́n bá nínú Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́, 145 ni kò tíì gba -ed nígbà tó di Gẹ̀ẹ́sì agbedeméjì, èyí tó wà láàárín ti àtijọ́ àti ti òní. Lónìí, 98 ló ṣẹ́kù. Wọ́n tún rí i pé àwọn tó ń sá lọ bá -ed kì í sá bó ṣe wù wọ́n: bí wọ́n bá ń lo ọ̀rọ̀ kan nígbà 100 kí wọ́n tó lo èkejì lẹ́ẹ̀kan, èkejì yẹn máa ń yára sá ní ìlọ́po 10 jù ú lọ. Ìdí rèé tí be, have, do, go àti say kò ṣe tíì mira. Ẹnu kì í gbàgbé ohun tó ń sọ láràárọ̀.

Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe jìyà nítorí A dé Z yìí. Nígbà tí mo wà ní pírámárì, tíṣà wa máa ń tò wá síwájú pátákó, ẹnì kan ọ̀rọ̀ kan. Ọjọ́ kan, bite ló kàn mí. Mo ní, “Bite, bote.” Pàṣán méjì. Ó ní mo kàn ń sọ ohun tó bá ti wá sí mi lẹ́nu. Ọdún púpọ̀ lẹ́yìn náà ni mo tó mọ ibi tí mo ti rí bote: write, wrote, ride, rode, drive, drove, rise, rose. Etí mi ti rí agboolé kan, ilé tí kì í ṣe ti bite ni mo kàn gbé e wọ̀. Àṣìṣe ni lóòótọ́, àmọ́ àṣìṣe ẹni tó ń ronú ni. Àwọn òbí á ní ṣebí báyẹn làwọn náà ṣe kọ́ ọ, pé àwọn há a sórí. Ó dáa, ẹ ní kí wọ́n sọ ti seek ní àná fún yín, ká jọ gbọ́.

Ìgbà wo la tiẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í rò pé àkọ́sórí ni èdè? A máa ń ní “mo rà á”, àmọ́ “mo ra aṣọ”. “Mo tà á”, àmọ́ “mo ta iṣu”. “Mo kà á”, “mo ka ìwé”. Ohùn ìsàlẹ̀ orí ọ̀rọ̀-ìṣe náà di ohùn àárín bí ọ̀rọ̀-orúkọ bá ti tẹ̀lé e. Ta ló há ìyẹn sórí? Ta ló tẹ̀ ẹ́ sí ìwé pẹlẹbẹ? Ọmọ ọdún mẹ́rin tó ń kiri ẹ̀pà lẹ́yìn ìyá ẹ̀ kì í ṣì í.

Ní sáà tó kọjá, mo kọ spling sójú pátákó fún àwọn ọmọ SS2. Kò sí ọ̀rọ̀ tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí mo ń fọnu láàárọ̀ ọjọ́ yẹn ni mo rò ó jáde. Mo ní kí wọ́n sọ ọ́ bí ẹni pé àná ló ṣẹlẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní splang, àwọn kan ní splung, ọmọ méjì ní splinged. Kò sẹ́ni tó ní splept. Níbo ni wọ́n ti há a sórí?

Bí mo ṣe ń kọ́ ọ báyìí ni pé mo gé páálí ìndómì sí wẹ́wẹ́, ọ̀rọ̀ kan lórí ègé kan, mo da gbogbo ẹ̀ sílẹ̀ ní fàráńdà, mo ní kí àwọn ọmọ máa kó àwọn tó bá dún jọra papọ̀. Ariwo ńlá ni. Wọ́n á jà lórí bring, torí ó jọ sing, kò sì gba brang. Brought ló ń jẹ́, ọ̀dọ̀ think, thought àti buy, bought ló ń gbé. Ọ̀rọ̀ agboolé máa ń ní irú ìyẹn nínú. Ọ̀sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí wọ́n kó gbogbo ẹ̀ tán, páálí méjì ṣẹ́kù sílẹ̀: be àti go. Mo ṣàlàyé fún wọn pé ọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ wend ni go ti jí went gbé. Ọmọbìnrin kan gbé páálí méjèèjì dání, ó yí wọn síwá sẹ́yìn.

“Tíṣà, ibo ni kí n wá kó àwọn eléyìí sí?”

Mo ní kó há àwọn yẹn sórí.