Kọ̀ǹpútà gíláídà lè dún kó má jẹ́ pé o ti kọjá ìlà

Nínú ìdíje gíláídà, ìyẹn bàálù aláìlẹ́ńjìnnì tó ń gun atẹ́gùn gbígbóná ròkè, ohun kan wà tí ọ̀pọ̀ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ìdí ẹ̀ gbà gbọ́: pé bí kọ̀ǹpútà iwájú páílọ́ọ̀tì bá ti dún, ó ti kọjá ìlà ìbẹ̀rẹ̀ nìyẹn, wákàtí tó gbé jáde sì ni wọ́n máa lò. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrò kọ̀ǹpútà ni dídún yẹn ń sọ. Ibòmíì ni ìdájọ́ wà.

Ẹ jẹ́ ká mọ ohun tí ìlà náà jẹ́ ná. Kò sí okùn lókè, kò sí ẹfun nílẹ̀. Ohun mẹ́ta péré ni kọ̀ǹpútà ní lọ́wọ́: ojú ibi tó jẹ́ àárín ìlà, ìhà tí orígun kìíní (ibi àkọ́kọ́ tí gíláídà gbọ́dọ̀ dé kó tó yí sí ibi tó kàn) wà, àti gígùn. Láti àárín yẹn ló ti ń na ìlà sọ́tùn-ún sósì, kó lè dábùú ọ̀nà orígun kìíní gẹ́lẹ́. Ẹni tó bá gba àárín etí méjèèjì kọjá síwájú, lẹ́yìn tí wọ́n ti ṣí ìlà, ló bẹ̀rẹ̀ eré.

Gígùn yẹn ló ń da nǹkan rú jù. Nínú fáìlì cup tí SeeYou, ìyẹn sọ́fútíwíà tí wọ́n fi ń ṣètò eré gíláídà, ń lò, R1 ni wọ́n fi ń kọ ọ́, àmọ́ láti àárín dé etí kan ni R1 ń kà, ìdajì ìlà nìyẹn. Bí àwọn alákòóso bá kéde ìlà 10 km, R1=5000m ló yẹ kó wà níbẹ̀, pẹ̀lú Line=1, tó ń sọ pé ìlà ni. XCSoar, sọ́fútíwíà míì tó ń tọ́ páílọ́ọ̀tì sọ́nà, ní tirẹ̀, odindi gígùn láti etí dé etí ló ń béèrè. Ẹni tó bá kọ 10 km síbi R1 ti ya ìlà 20 km. Tó bá wá gba ibi tó jìnnà sí àárín ní 6 km kọjá, kọ̀ǹpútà á dún, àwòrán á fi hàn pé ó ti wà lójú ọ̀nà, ṣùgbọ́n ìlà àwọn alákòóso ti parí ní 5 km. Kò bẹ̀rẹ̀ rárá, kò sì ní mọ̀ títí yóò fi balẹ̀. Ẹni tó kọ 5 km sínú XCSoar ló ní wàhálà òdìkejì: ó ti kọjá lóòótọ́, kọ̀ǹpútà ò dún, ló bá tún padà sẹ́yìn lọ ṣòfò àkókò.

Ìdojúkọ ìlà náà ṣe pàtàkì. Nínú fáìlì cup, Style=2 ló ń jẹ́ kó máa kọjú sí orígun tó kàn. Bí o bá fi Style=0 sílẹ̀, tí o fúnra rẹ kọ ìgun rẹ̀, tí wọ́n sì yí orígun kìíní padà láàárọ̀ ọjọ́ náà, ìlà rẹ á wọ́. Ká ní ó fi dígíríì 10 wọ́: ní etí ìlà 10 km, ó ti kúrò ní àyè rẹ̀ ní nǹkan bí 868 mítà. Lórí eré 150 km/h, ìṣẹ́jú àáyá 21 nìyẹn.

Kí wá ni wọ́n fi ń dájọ́? Fáìlì IGC tí ẹ̀rọ ń kọ bí gíláídà ṣe ń lọ ni. Lóòótọ́, àpótí kan náà lè máa dún kó sì tún máa kọ fáìlì, àmọ́ iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Ẹ wo ẹsẹ kan nínú irú fáìlì bẹ́ẹ̀:

B1101355206343N00006198WA0058700558

Aago 11:01:35 UTC ni nọ́ńbà mẹ́fà tó tẹ̀lé B. Ibi tí gíláídà wà ló tẹ̀ lé e, dígíríì 52 àti 06.343 níhà àríwá, lẹ́yìn náà ti ìwọ̀ oòrùn. Lẹ́tà A yẹn túmọ̀ sí pé sátẹ́láìtì tó. 587 mítà ni gíga tí wọ́n fi agbára afẹ́fẹ́ wọ̀n, 558 ni ti sátẹ́láìtì. Ibì kan péré ni ẹsẹ kọ̀ọ̀kan mọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ọ̀kan bọ́ sórí ìlà gan-an. Nítorí náà, sọ́fútíwíà àwọn tó ń ka máàkì á mú ẹsẹ méjì tó gba ìlà sáàárín. Ká ní ní 12:31:04, gíláídà ṣì ku 90 mítà sí ìlà, ní 12:31:08 ó ti fi 60 mítà kọjá. 150 mítà láàárín ìṣẹ́jú àáyá 4: ìlà bọ́ sí 2.4 nínú 4 yẹn, àkókò rẹ̀ á sì jẹ́ 12:31:06. Ìlà tí wọ́n fi ń ṣe ìṣirò yìí, tiwọn ni. Àwọn ẹsẹ C tó ń gbé ìrìn àjò tí o kéde sínú fáìlì kò tilẹ̀ sọ gígùn ìlà kankan, ojú ibi lásán ló wà níbẹ̀.

Torí náà, kí wọ́n tó fa gíláídà lọ sókè, ṣí máàpù, wọn ìlà láti etí dé etí, kí o fi wé ìwé tí wọ́n pín. Bí o bá ń lo XCSoar tí o yan pé kó dúró dè ọ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, tẹ Arm kí o tó dé ìlà. Lẹ́yìn tó bá dún, wò bóyá orígun kìíní ló ń júwe.

Ti ìparí yàtọ̀. Ní ọ̀pọ̀ ìdíje, róbótó ni, ìgbà tí o bá wọ etí rẹ̀ ni àkókò dúró. Bí ó bá jẹ́ 3 km láti àárín sí etí, tí kọ̀ǹpútà rẹ sì gbà pé ìlà lórí pápákọ̀ ni, á máa ní kí o gùn kọjá ohun tí o nílò. Gíláídà tó ń rin mítà 40 síwájú fún mítà kan tó bá fi wálẹ̀ nílò 75 mítà fún 3 km yẹn. Nínú atẹ́gùn tó ń gbéni ròkè ní mítà 2 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ó lé ní ìṣẹ́jú àáyá 37 tí o fi ṣòfò. Gíga tó kéré jù tí wọ́n gbà ní etí róbótó náà gbọ́dọ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà pẹ̀lú. Bí o bá fi òdo sílẹ̀ níbẹ̀, á sọ fún ọ pé o tó o dé, wọn á sì yọ máàkì rẹ nítorí pé o wọlé nísàlẹ̀ jù.